Ní Ṣómólú, Wọn Kì í Sọ Pé Kò Ṣeé Ṣe

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú rí yóò mọ gbólóhùn kan: "Ẹ wá lọ́la." Wọn kì í fi ìkanra sọ ọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n fi ń sọ ọ́, wọn á tún tẹ̀ ba díẹ̀. "Ó ti fẹ́ẹ̀ parí, mà. Íǹkì ló kù kó gbẹ. Ẹ wá lọ́la." Bẹ́ẹ̀ ni bébà tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́jà, wọn kò tíì rà á.

Mo ti ń gbé ládùúgbò yìí láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, ibẹ̀ náà ni mo sì fẹ̀yìn tì sí. Mo ti rò ó títí, mo sì gbà pé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn irọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ló ń dà wọ́n láàmú. Bí àgbàlagbà bá dúró níwájú ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa, tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, tó ní káàdì ìgbéyàwó ni òun fẹ́, òun sì fẹ́ ẹ lọ́túnla, báwo ni ọmọ náà yóò ṣe la ẹnu kó ní kò ṣeé ṣe? Ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn kó ṣèlérí ohun tí apá rẹ̀ kò ká ju kó já àgbà kulẹ̀ lójúkojú lọ. Àgbà á fi ayọ̀ lọ sílé. Nígbà tó bá padà wá, ìjà á bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa bẹ́ẹ̀. Ilé kan náà la jọ ń gbé, nítòsí ojú ọ̀nà Pedro, níbi tí Ṣómólú ti ń di Bàrígà tí ẹnikẹ́ni kò lè tọ́ka sí ààlà wọn. Ṣakí ló ti wá, lẹ́yìn tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Ó rí iṣẹ́ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé kan, ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà ni wọ́n sì fi í sí. Ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀. Ó kàn máa fọwọ́ ra bébà ni, á sì sọ fún ọ bóyá yóò fa íǹkì mu jù tàbí kò ní fà á mu tó. Ẹnu rẹ̀ ni kò bá ọwọ́ rẹ̀ dọ́gba.

Onílé wa, Àlájà, jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Wọ́n ṣe akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ahọ́n wọn kò sì tíì fẹ̀yìn tì. Wọ́n máa ń sọ nípa ọmọ náà pé, "Ọmọ Ṣakí yìí, bí iná bá ń jó ilé, á kọ́kọ́ kí wa tán ná kó tó sọ fún wa."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wá kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà mi.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ìsinmi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà."

"Àárọ̀ yìí la ríra," mo wí. "Dìde, kí o sọ ohun tó gbé ọ wá."

Màdáámù tó ni ilé ìtẹ̀wé náà fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ní Ọbanikoro, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Wọn kò fẹ́ ẹni tí yóò wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹni tí yóò máa bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀, tí yóò máa gba iṣẹ́, tí yóò sì máa darí àwọn yòókù ni wọ́n ń wá. Ẹni méjì ni ojú wọn wà lára wọn: ọmọ Ṣakí yìí, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ọ̀rẹ́ wọn, tó ti bá ilé-iṣẹ́ kan polówó ọjà rí. Wọ́n ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ní Ọjọ́ Ajé, àwọn àti ọ̀rẹ́ àwọn méjì yóò jókòó bí oníbàárà, òun àti ọ̀dọ́kùnrin náà yóò sì wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan kí àwọn lè rí bí olúkúlùkù ṣe ń ṣe é.

"Tí wọn ò bá mú mi, mà, ìdí ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù tuntun náà ni màá wà, òun ló sì máa di ọ̀gá mi. Mo mọ iṣẹ́ yìí jù ú lọ, mà. Ẹ má bínú pé mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ṣé irọ́ ni?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀, mà."

Ibẹ̀ ni mo ti rí bí iṣẹ́ tó wà níwájú wa ṣe tóbi tó.

Ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ni a bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé báàgì mi lé itan bí oníbàárà gidi, mo ní kó wá gbà mí lálejò.

"Kàlẹ́ńdà ni mo fẹ́ tẹ̀," mo wí. "Irú bébà wo ló dára fún un?"

"Èyí tó bá wù yín, mà."

"Èmi ò mọ bébà. Ìwọ ńkọ́? Èwo lo rò pé ó dára?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀, mà."

"Ìgbà wo ló máa parí?"

"Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ẹ náà ni, mà."

Àlájà yọjú lójú fèrèsé wọn. "Tíṣà, ẹ bá mi bi í bóyá ó mọ orúkọ ara rẹ̀!"

"Ó mọ̀ ọ́n, Àlájà."

"Á ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n!"

Ọmọ náà fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo jẹ́ kó rín in tán. Ọmọ tó bá lè fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín ti ṣe tán láti kọ́ nǹkan.

Mo wá ṣàlàyé fún un. Mo ní, "Ẹni tó wá bá ọ, ẹrù ló gbé wá. Kò mọ bébà, kò mọ íǹkì, kò mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń pẹ́ tó. Ó ní kí o bá òun sọ̀ ọ́. Tí o bá ní 'ẹ̀yin lẹ mọ̀', o tún gbé ẹrù náà rù ú padà nìyẹn. Ṣé ọ̀wọ̀ nìyẹn?"

Ó ronú díẹ̀. "Kì í ṣe ọ̀wọ̀, mà."

"O káre. O ò sọ pé èmi ni mo mọ̀."

Ọ̀rọ̀ ojú ló tún kàn. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ọmọ kì í tẹjú mọ́ àgbà, nítorí náà ilẹ̀ ló ń wò tó bá ń sọ̀rọ̀. Mo ní kó gbé ojú sókè. Ó gbé e sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú náà kò dúró lójú mi, ó kọjá lọ sórí gèlè mi. Ní gbogbo àkókò tó fi ń sọ̀rọ̀, mo ń fọwọ́ kan gèlè, mo ń tún un ṣe, títí mo fi béèrè pé ṣé ó ti wọ́ ni.

"Rárá, mà. Ibẹ̀ ni ojú mi lè dúró sí."

"Kó máa wo imú wọn!" Àlájà pariwo láti inú ilé. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀!"

Mo rò pé àwàdà ni, ṣùgbọ́n nígbà tí a dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Mo kàn ṣe àtúnṣe kékeré sí i: kó má wo ihò imú, ibi tí imú ti bẹ̀rẹ̀ láàárín ojú méjèèjì ni kó máa wò. Ó wá ń fi gbogbo àdúgbò ṣe ìdánrawò. Obìnrin tó ń ta ọsàn lẹ́nu géètì wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ṣé nǹkan wà nímú mi ni? Ọmọ yín yẹn ń wò ó lójoojúmọ́."

Ọ̀rọ̀ fóònù náà kò gbẹ́yìn. Ní Sátidé kan, àkókò tí a jọ dá ti kọjá, kò sì dé. Mo pè é.

"Mo ti wà lójú ọ̀nà, mà!"

Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbọ́ tí omi ń dà sínú bókẹ́ẹ̀tì, nínú fóònù àti ní ẹ̀yìn fèrèsé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yọ orí jáde. Ó wà nídìí ẹ̀rọ omi, fóònù wà láàárín etí àti èjìká rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú aṣọ tó ń fọ̀.

"Ojú ọ̀nà wo?" mo bi í.

Ó wo òkè, ó rí mi, ó sì pariwo. Fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ sínú omi ọṣẹ. Mo sọ fún un pé "mo wà lójú ọ̀nà" ni àbúrò "ẹ wá lọ́la", ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá ní, "Mò ń fọṣọ lọ́wọ́, ẹ fún mi ní àkókò díẹ̀ sí i," kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń dúró de òtítọ́ á rí nǹkan ṣe kó tó dé. Ẹni tó ń dúró de irọ́, ẹnu ọ̀nà ni yóò máa wò.

Díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá ní ìbéèrè kó tó dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ Àìkú kan, Àlájà wá ṣe oníbàárà, wọ́n wọ agbádá ọkọ wọn tó ti di olóògbé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin, wọ́n ní kàlẹ́ńdà tó pọ́n fòò làwọn fẹ́. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ibo lẹ fẹ́ gbé e kọ́, sà? Tó bá jẹ́ ibi tí oòrùn ń wọ̀, pupa yìí máa ṣá kí ọdún tó dé ìdajì. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí hàn yín." Àlájà bọ́ agbádá sílẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, òun ló sì le jù. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè ohun tí kò lè ṣe, ìdáhùn kan náà ni: "A ó gbìyànjú, mà."

"Ṣé ó máa ṣeé ṣe?"

"Kò lè ṣeé ṣe, mà."

"Kí lo wá fẹ́ gbìyànjú?"

"Nílé wa, mà, ọmọ kì í sọ pé rárá fún àgbà."

Mi ò lè bá a jiyàn. Bí mo ṣe tọ́ àwọn ọmọ tèmi náà nìyẹn, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Mo kàn sọ fún un pé bí èèyàn bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kó fi nǹkan mìíràn sí i lọ́wọ́. Kó má sọ pé kò ṣeé ṣe kó wá dákẹ́ síbẹ̀. Kó sọ ìdí rẹ̀, kó sì sọ ohun tí òun lè ṣe. Ó gbọ́, ó mi orí. Nígbà tí mo tún bi í, ó ní, "A ó gbìyànjú, mà." Àlájà gbé orí lé ọwọ́.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Ọjọ́ Ajé náà dé bá wa báyẹn. Ọ̀ràn mìíràn tún bá a dé. Ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ ṣe ìsìn ìdúpẹ́ ní Ọjọ́ Àìkú, a sì ti múra tán, àfi ìwé ètò ìsìn tí ẹnikẹ́ni kò rántí tẹ̀. Alága wa, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ rí, tí ohùn wọn ṣì lè pa kíláàsì lẹ́nu mọ́, wò mí.

"Ṣebí ẹ lọ́mọ lọ́dọ̀ onítẹ̀wé? Ẹ jẹ́ ká lọ."

A wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ṣómólú. Mo fẹ́ kó yé yín pé mi ò lọ dán ọmọ náà wò. Iṣẹ́ la gbé lọ, mo sì fẹ́ kó gbà á.

Ariwo ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ pàdé wa, lẹ́yìn náà òórùn íǹkì. Gígé bébà funfun kún ilẹ̀ bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tu. Ọmọ náà sáré jáde láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí wa tán, ó gbé àga fún wa.

"Ọmọ mi," Bàbá alága wí, "ìwé ètò ìsìn ni. Aláwọ̀ mèremère la fẹ́, kí ẹ̀yìn rẹ̀ máa dán. Kí ẹ dì í pọ̀ bí ìwé gidi. Àárọ̀ ọ̀la la máa wá gbà á."

Ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, ó ṣí i wò, ó béèrè iye èèyàn tí à ń retí. Lẹ́yìn náà ó ka iye ojú ìwé rẹ̀. Mo ti mọ ohun tó ń bọ̀. Mo ti ń gbọ́ "a ó gbìyànjú, sà" létí mi kó tó sọ ọ́, inú mi sì dùn pé yóò gbà á.

Ó gbé ojú sókè.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ má bínú, mà. Kò ní ṣeé ṣe."

Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ bojú wẹ̀yìn.

"Kí lo wí?" Bàbá alága béèrè.

"Kò ní ṣeé ṣe láàárọ̀ ọ̀la, sà. Ẹ̀yìn tó ń dán yẹn gbọ́dọ̀ sinmi kó lè gbẹ. Tí mo bá kánjú gé e, íǹkì máa yí mọ́ aṣọ funfun yín nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run ò sì ní jẹ́ kí n rí ìyẹn. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n lo bébà líle, kí n tẹ̀ ẹ́ ní àwọ̀ kan, búlúù tàbí dúdú, kí n ká a kó gún régé. Màá gbé e délé fún màmá lọ́la kí ilẹ̀ tó ṣú. Aláwọ̀ mèremère yẹn, tí ẹ bá ṣì fẹ́ ẹ fún ìrántí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Mo jẹ́wọ́ fún yín, inú kọ́kọ́ bí mi. Ẹnu tí mo là fún ọmọ yìí, èmi ló kọ́kọ́ là á sí! Bàbá alága yí ojú sí mi, iṣan ọrùn wọn ti yọ.

"Ta ló kọ́ ọmọ yìí lẹ́kọ̀ọ́?"

"Èmi ni, sà," mo wí.

Bí mo ti sọ ọ́ tán ni ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu. Mo rín in títí omi fi jáde lójú mi, mo di àga mú. Bàbá alága wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi mí sí igun kíláàsì. Wọ́n wo ọmọ náà, tó tún ti kúnlẹ̀. Wọ́n wo iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Búlúù," wọ́n wí níkẹyìn. "Kó jẹ́ búlúù."

Ní Sátidé, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu géètì wa. Ó gbé ìwé náà wọlé, ó ká a rèǹtè-rente, gbogbo etí rẹ̀ dọ́gba. Ní Ọjọ́ Àìkú, mo rí Bàbá alága tí wọ́n ń fi tiwọn han ẹni tó jókòó tì wọ́n. Wọ́n ní, "Búlúù yìí, èmi ni mo yàn án."

Ọjọ́ Ajé, èmi àti Àlájà kò lè jókòó. Nígbà tí ọmọ náà fi máa dé ní ìrọ̀lẹ́, a ti dúró lẹ́nu géètì.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àlájà. Ẹ kú ìdúró, mà. Ẹ kú..."

"Kí ni wọ́n wí?" Àlájà ké mọ́ ọn.

Ó sọ fún wa. Màdáámù jókòó bí oníbàárà, wọ́n ní káàdì ìgbéyàwó aláwọ̀ góòlù làwọn fẹ́, ọ̀la ni àwọn sì fẹ́ ẹ. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ló kọ́kọ́ wọlé. Àwọn tó wà níta ń gbọ́ ohùn rẹ̀: "Kò sí wàhálà, mà! Ẹ ti rí i gbà!" Àwọn ọ̀rẹ́ màdáámù rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tó kan òun, ó ní òun rántí pé òun ti sọ ọ́ fún Bàbá alága, òun ò sì kú. Ó kí wọn, ó wò wọ́n, ó ní kò ní ṣeé ṣe, ó sọ ìdí rẹ̀, ó sì sọ ọjọ́ tó lè ṣeé ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà pòṣé, ó ní ọmọ yìí máa lé kọ́sítọ́mà lọ.

"Màdáámù ńkọ́?" mo béèrè.

"Wọ́n ní, 'Àwọn tó ń bú mi ní gbogbo Ṣómólú, ṣé ẹni tó sọ pé kò ṣeé ṣe fún wọn ló jẹ́ kí wọ́n máa bú mi, àbí ẹni tó ní kí wọ́n wá lọ́la?' Wọ́n wá ní kí n lọ wo ṣọ́ọ̀bù náà lọ́la, kí n sọ ibi tí wọ́n máa gbé tábìlì mi sí."

Àlájà kígbe, wọ́n gbá a mọ́ra. Èmi náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Obìnrin tó ń ta ọsàn bá wa yọ̀, kò tíì mọ ohun tí à ń yọ̀ sí. Láàárín ariwo yẹn ni fóònù rẹ̀ dún. Bàbá rẹ̀ ni, láti Ṣakí. Àlájà ní kó jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ kó máa pariwo. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá náà gbọ́ ọ tán.

"Jẹ́ kó yé mi," wọ́n wí. "O sọ fún ọ̀gá rẹ pé kò ṣeé ṣe, ó wá fún ọ ní ṣọ́ọ̀bù? Irú ìlú wo lẹ ń gbé yìí?"

"Èkó ni, Bàbá!" Àlájà dá wọn lóhùn. "Ẹ kú oríire!"

"A dúpẹ́. Ó dáa, ìwọ ọmọ yìí, wá sílé ní Sátidé yìí ká jọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa."

Ọmọ náà wò mí. Mo yára wo ibòmíràn.

"Bàbá mi," ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, "Sátidé yìí kò ní ṣeé ṣe. Ọjọ́ náà la máa kó ẹ̀rọ wọ ṣọ́ọ̀bù tuntun. Sátidé tó tẹ̀lé e ni màá wá, màá sì ra búrẹ́dì Èkó bọ̀ fún yín."

Gbogbo wa sún mọ́ fóònù. A ń gbọ́ ewúrẹ́ tó ń ké ní Ṣakí.

"Búrẹ́dì mélòó?" Bàbá béèrè.